Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Ló Là Mí Lóhùn

Àwa Yorùbá fẹ́ràn ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ jù. Bí àlejò bá wọlé, tí ọmọ kúnlẹ̀ kí i, tó sì wá ẹ̀gbẹ́ ògiri kan jókòó sí láìfọhùn mọ́, àlejò náà á ní, "Ọmọ yìí mà lẹ́kọ̀ọ́ o!" Irú oríyìn bẹ́ẹ̀ pọ̀ lórí mi nígbà tí mo ń dàgbà ní Ìkòsì. Ohun tí àwọn tó ń yìn mí kò mọ̀ ni pé kì í ṣe ẹ̀kọ́ ilé nìkan ló pa mí lẹ́nu mọ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Oníwà pẹ̀lẹ́ lè sọ̀rọ̀, àmọ́ ó mọ ìgbà tó yẹ kí òun dákẹ́. Onítìjú ń fẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ni kò jáde. Ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì, bí wọ́n tilẹ̀ jọra lójú ẹni tó ń wò wọ́n láti òkèèrè.

Àdúgbò tí mo ti wá kì í ṣe ibi tí ẹnì kan ti ń kọ́ ìdákẹ́jẹ́. Ẹni tó bá mọ ìjọba ìbílẹ̀ Kosọ́fẹ́ mọ ohun tí mò ń wí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ní Mile 12, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó kó tòmátì, ata àti àlùbọ́sà wá láti Òkè Ọya ti tò sílẹ̀. Àwọn alábàárù ń ké pé kí èèyàn yàgò lọ́nà, àwọn ìyálọ́jà ń nájà, Yorùbá, Haúsá, Ìgbò àti píjìn ń lù mọ́ra wọn. Bí o bá jáde sí Kétu, àwọn kọ̀ńdọ́ ń pe "Òjòtá! Maryland! Yábàá!" bí ẹni pé etí gbogbo èrò ti di. Ata àti tòmátì ni màmá mi ń tà ní Mile 12. Bí wọ́n bá pe oníbàárà láti ìsọ̀ wọn, ẹni tó wà ní ìsọ̀ kẹwàá á bojú wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n bí mo bá lọ bá wọn ní ọjà ní ọjọ́ Sátidé, iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ṣa tòmátì tó ti rọ̀ kúrò lára èyí tó le, kí n sì máa ka owó. Wọ́n ti gbìyànjú títí kí n lè polówó, wọ́n ti fi mí sílẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé ohun kékeré ni ìtìjú àpọ̀jù. Ó máa ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni ni. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀ nínú dánfó ní Èkó gbọ́dọ̀ ké, kó ní, "Onípàánù wà o!" kí awakọ̀ tó ó dúró. Mo ti jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ nígbà kan tí mò ń lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n màmá mi ní Onípàánù, tí mo ń wo ibùdókọ̀ náà bó ṣe ń kọjá lọ, tí ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré kò lè jáde lẹ́nu mi. Ìgbà tí ẹlòmíràn sọ̀ ní Fádéyí ni èmi náà sọ̀, tí mo sì fi ẹsẹ̀ rìn padà nínú oòrùn.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ó tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wà ní JSS 2 nígbà tí olùkọ́ kan ní kí n dìde ka ìwé. Ohùn mi kéré, ó ń gbọ̀n. Olùkọ́ náà sín mi jẹ, gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gbàgbé kí wọ́n tó délé lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ èmi kò gbàgbé. Láti ìgbà náà, bí olùkọ́ bá béèrè ìbéèrè tí mo mọ ìdáhùn rẹ̀, máa kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé mi, máa sì máa wo ẹlòmíràn bó ṣe ń sọ ọ́, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ní sáà kan, wọ́n fi máàkì tí kì í ṣe tèmi sínú ìwé èsì ìdánwò mi. Ìwé ìdánwò mi wà lọ́wọ́ mi, ẹ̀rí wà níbẹ̀. Màmá mi ní kí n lọ bá olùkọ́ sọ ọ́. Mo dé ẹnu ọ̀nà yàrá àwọn olùkọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, mo padà ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Máàkì náà kò yí padà títí tí sáà fi parí. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Nígbà tí mo rí àyè wọ Yunifásítì Èkó ní Akọ́kà, iṣẹ́ olùkọ́ àti èdè Yorùbá ni wọ́n fún mi láti kọ́. Inú ilé wa dùn. Àbúrò bàbá mi nìkan ló wò mí títí, tí wọ́n sì ní, "Ìwọ tí o kì í lè kí èèyàn sókè, ta ni o fẹ́ kọ́?" Wọn kò fi bú mi. Ìbéèrè tòótọ́ ni wọ́n bi mí. Ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ gbọ́dọ̀ lọ dúró níwájú kíláàsì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó lè gboyè, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní TP. Ọ̀gá yóò jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú bírò, yóò máa fún un ní máàkì. Kò sí bí mo ṣe lè kọ ìdáhùn èyí sí ẹ̀yìn ìwé. Bí n kò bá lè sọ̀rọ̀, n kò lè di olùkọ́.

Ọdún kìíní kọjá lórí mi bí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Gbọ̀ngàn tí a ti ń gba ẹ̀kọ́ tóbi, èèyàn pọ̀, ìjókòó ẹ̀yìn sì dára fún ẹni tó fẹ́ sá pamọ́. Ohun kan ṣoṣo tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi mọ̀ mí mọ́ ni ìwé mi. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára, àmì ohùn mi kì í sọnù, wọ́n sì máa ń yá ìwé náà lọ dà kọ bí ìdánwò bá ti súnmọ́.

Ìwé yìí ló fa ohun gbogbo. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kejì, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá ń wá akọ̀wé. Ẹ̀gbọ́n kan tó wà ní ọdún kẹta, tó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́, rí ìwé mi lọ́wọ́ ẹnì kan. Ó wá mi wá. Ó ní, "Àbúrò, ìwọ lo máa bá wa kọ ìwé ìpàdé." Mo gbà, nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ ni, kì í ṣe iṣẹ́ ẹnu. Kò sí ẹni tó rántí sọ fún mi pé ohun tí akọ̀wé bá kọ ní ìpàdé òní, òun náà ni yóò kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo ilé ní ìpàdé tó ń bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n pe akọ̀wé. Mo dìde. A kò ju bí ọgbọ̀n èèyàn lọ nínú yàrá náà, ṣùgbọ́n lójú mi, gbogbo Mile 12 ló jókòó síbẹ̀. Bébà ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi débi pé mo ń gbọ́ ìró rẹ̀. Mo ka ìlà àkọ́kọ́. Ọmọkùnrin kan ké láti ẹ̀yìn pé, "A ò gbọ́ o!" Mo ti fẹ́ nawọ́ bébà náà sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ààrẹ wa kò gbà á lọ́wọ́ mi, kò sì ní kí n sọ̀rọ̀ sókè. Ó kọjú sí àwọn tó wà lẹ́yìn, ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ò gbọ́, ẹ dìde, ẹ súnmọ́ iwájú. Ẹ jẹ́ kó kà á." Wọ́n sì dìde. Wọ́n wọ́ àga wọn wá. Mo kà á tán pẹ̀lú ohùn kékeré mi, wọ́n ṣe àtúnṣe sí ibi kan, ẹnì kan ní kí a gbà á wọlé, ẹlòmíràn kín in lẹ́yìn. Wọ́n bọ́ sí ọ̀rọ̀ mìíràn. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. N kò kú.

Ní ọ̀sẹ̀ méjìméjì ni a máa ń ṣe ìpàdé, nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ méjìméjì ni mò ń dìde. Mo kọ́ àwọn nǹkan kéékèèké tí kò sí nínú ìwé kankan tí mo kà. Mo kọ́ láti gbé bébà lé orí tábìlì kí ẹnikẹ́ni má baà rí i pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo kọ́ láti mọ ìlà àkọ́kọ́ sórí, nítorí pé bí ìlà àkọ́kọ́ bá ti jáde, èkejì á tẹ̀ lé e. Mo kọ́ láti mí kanlẹ̀ kí n tó lanu. Mo yan ẹnì kan tí ojú rẹ̀ tutù, òun ni mo ń kàwé fún. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ jù ni pé ọ̀rọ̀ tí mò ń kà kì í ṣe tèmi. Ọ̀rọ̀ gbogbo ẹgbẹ́ ni. Bí ẹnì kan bá sọ pé ibì kan kò rí bẹ́ẹ̀, àkọsílẹ̀ ló ń bá wí, kì í ṣe èmi. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nígbà tí ọdún yẹn fi máa parí, wọn kò wọ́ àga wá sí iwájú mọ́, wọ́n sì ń gbọ́.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n fi mí sínú eré tí ẹgbẹ́ ṣe ní ọjọ́ àṣà. Ìránṣẹ́ ọba ni mo ṣe, gbólóhùn méjì péré ni mo ní láti sọ. Mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sọ gbólóhùn méjì náà ní ilé, ní balùwẹ̀, nínú ọkọ̀. Ní ọdún kejì rẹ̀, mo bá wọn dá sí ìjiyàn láàrin ọdún kejì àti ọdún kẹta. Ẹgbẹ́ tiwa kò borí. Ohun tó wù mí nínú rẹ̀ ni pé alátakò mi sọ ohun tí kò tọ́, mo sì dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, láìkọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó sọ ọ́.

Bí ẹnì kan bá rò pé àwọn tó di ẹni ńlá ni a bí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ lẹ́nu, kó ka ìtàn Mohandas Gandhi, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà. Ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1888 láti kọ́ nípa òfin. Níbẹ̀, ó wọ ẹgbẹ́ àwọn tí kì í jẹ ẹran, wọ́n sì fi í sínú ìgbìmọ̀ tó ń darí rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìpàdé bá bẹ̀rẹ̀, kì í lè fọhùn. Nígbà tó fẹ́ gbèjà ẹnì kan tí wọ́n fẹ́ yọ kúrò nínú ẹgbẹ́, ńṣe ló kọ èrò rẹ̀ sínú ìwé, ẹlòmíràn ló sì bá a kà á. Ó padà sí Íńdíà ní 1891. Nígbà tó gba ẹjọ́ àkọ́kọ́ ní Bombay, ó dìde láti bi ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè, orí rẹ̀ fò lọ, kò rí ìbéèrè kankan bi í. Ó jókòó, ó ní kí wọ́n lọ gba lọ́yà mìíràn, ó sì dá owó wọn padà. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ gbogbo èyí sínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀. Ní 1893, ó dé Pretoria ní Gúúsù Áfíríkà, ó rí bí wọ́n ṣe ń fi ìyà jẹ àwọn ọmọ Íńdíà níbẹ̀, ó pè wọ́n jọ, ó sì bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ nítorí owó lọ́yà wá sọ̀rọ̀ nígbà tí ó rí ìyà àwọn ẹlòmíràn.

Irú ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí mi ní ọdún kẹta, bí tèmi tilẹ̀ kéré sí ti Gandhi lọ́nà tó jìn. Ọkọ̀ kọlu ẹlẹgbẹ́ wa kan lórí ọ̀kadà, ẹsẹ̀ rẹ̀ dá ní ibi méjì. Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ni, bí wọ́n bá sì fi falẹ̀, ẹsẹ̀ náà lè má ṣeé lò mọ́. Owó tí wọ́n ń béèrè ju agbára àwọn òbí rẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ wa pinnu pé a ó lọ láti kíláàsì dé kíláàsì láti tọrọ. Ààrẹ àti alukoro ni wọ́n yàn láti sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó di àárọ̀ ọjọ́ náà, ààrẹ ti lọ sí ilé ìwòsàn, alukoro sì ní ìdánwò. Ó wá ku èmi àti akápò. Akápò gbé àpótí, ó ní, "Èmi á gbé e. Ìwọ á sọ̀rọ̀."

A gba àyè lọ́wọ́ olùkọ́ tó wà nínú gbọ̀ngàn àkọ́kọ́. Èèyàn tó wà níbẹ̀ ju igba lọ, n kò mọ ẹnì kankan nínú wọn. N kò ní bébà lọ́wọ́. Mo kí wọn, mo sọ orúkọ mi àti ẹ̀ka tí mo ti wá. Mo ní ẹlẹgbẹ́ wa kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dá, bọ́ọ̀lù ló fẹ́ràn jù láyé yìí. Mo ní owó oúnjẹ ọ̀sán ẹnì kọ̀ọ̀kan wa kò lè ṣe iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n owó oúnjẹ ọ̀sán gbogbo wa lè ṣe é. Mo dákẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í nawọ́ sí àpótí. Kíláàsì kẹta ni a wà kí n tó rántí pé n kò wo ọwọ́ mi bóyá ó ń gbọ̀n. Àyè kò sí lọ́kàn mi láti ronú nípa ara mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gba gbogbo àyè náà. A rìn fún ọjọ́ mẹ́ta, a fi kún ohun tí àwọn ẹbí rẹ̀ ti ní, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ó fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rìn wọ kíláàsì ní sáà tó tẹ̀ lé e.

Kì í ṣe àwa la bẹ̀rẹ̀ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ladipo Solanke, ọmọ Abẹ́òkúta tó lọ kọ́ nípa òfin ní Lọ́ńdọ̀nù, wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí a mọ̀ sí WASU sílẹ̀ ní 1925. Lásìkò náà, ọ̀pọ̀ onílé ní Lọ́ńdọ̀nù kì í fẹ́ gba aláwọ̀ dúdú sílé. Láti 1929 títí di 1932, Solanke rìn káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó ń bá ọba, ìjòyè àti mẹ̀kúnnù sọ̀rọ̀, ó ń tọrọ owó tí wọn yóò fi ní ilé tiwọn. Wọ́n ṣí ilé náà ní 1933. Àwọn tó gba inú ẹgbẹ́ yẹn kọjá padà wá bá ìjọba òyìnbó wí ní ilẹ̀ wa. Inú ìpàdé akẹ́kọ̀ọ́, níbi tí wọ́n ti ń ka ìwé ìpàdé tí wọ́n sì ń ṣírò owó, ni ọ̀pọ̀ wọn ti kọ́ bí a ṣe ń dìde sọ̀rọ̀.

Nígbà tí TP dé, ilé-ẹ̀kọ́ kan ní agbègbè wa ní Kosọ́fẹ́ ni wọ́n rán mi lọ. Àyà mi já ní àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo gbé ìwé lé orí tábìlì, mo mí kanlẹ̀, mo sọ ìlà àkọ́kọ́ tí mo ti mọ̀ sórí. Kíláàsì náà dáhùn. Kò pẹ́ tí mo fi rí ọmọbìnrin kan ní ẹ̀yìn, tó ń kọ ìdáhùn sí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀. N kò pè é kó dìde ní ọ̀sàn gangan lójú gbogbo èèyàn. Mo ní kó máa bá mi pe orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì láràárọ̀. Orúkọ lásán ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní, àwọn kan ní àwọn kò gbọ́. Mo ní kí wọ́n súnmọ́ iwájú. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mi tó pé, òun fúnra rẹ̀ ló nawọ́ sókè láti dáhùn ìbéèrè lórí òwe.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi tí ọ̀rọ̀ ń há lọ́fun, ẹ má dúró de ọjọ́ tí ẹ̀rù kò ní bà yín mọ́ kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ọjọ́ náà lè má dé. Ẹ wá iṣẹ́ kékeré kan nínú ẹgbẹ́ tó ń ṣe ohun tí ẹ fẹ́ràn, irú iṣẹ́ tí yóò mú kí ẹ máa dìde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sín ọmọ tí ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n jẹ. Ẹ sọ fún àwọn yòókù pé kí wọ́n súnmọ́ ọn. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá jókòó jẹ́ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ẹ yìn ín fún ẹ̀kọ́ tó ní, àmọ́ ẹ tún bi í léèrè bóyá ohun kan wà tó fẹ́ sọ. Ẹ sì fún un ní àyè tó pọ̀ tó kó fi sọ ọ́.

Èmi kò di aláriwo. Ohùn mi kò tíì tó ti màmá mi, bóyá kò sì ní í tó o láé. Àyà mi ṣì máa ń já bí mo bá fẹ́ dìde láàrin èrò. Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ pé àyà lè já, kí ọ̀rọ̀ sì jáde síbẹ̀. Bí mo bá wọ dánfó láti Kétu lónìí, ibi tí mò ń lọ ni ọkọ̀ ti ń já mi sílẹ̀.